Bí Ìjàpá Ṣe Fọ Omi Mọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wọ̀ọ̀, etí ọ̀gọ̀dọ̀ ló já sí, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló bà lé.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ẹranko. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń pẹja níbẹ̀. Ewé omi wínníwínní kan, tó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ló bo inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fojú rí ẹja nínú omi náà. Ohun tí orí bá fún ọ ni àwọ̀n rẹ ń kó.

Ìjàpá ti ṣèlérí agbọ̀n ẹja ńlá fún Ọ̀yà, baba Yánníbo, tó fẹ́ fi ṣàlejò níbi ìkómọ. Ó ní, "Bí mo bá pa ìdọ̀tí yìí, n ó mọ ihò tí àwọn bọ̀rọ̀kìnní ẹja ń sùn sí kí ọjọ́ ìpẹja tó pé." Olójúkòkòrò! Ó lọ sẹ́yìn ilé aláró, ó gbé omi eérú kíkan tí wọ́n ti lò tán, ó dà á sínú ọ̀gọ̀dọ̀, gbàà! Ewé omi di funfun, ó rì. Omi mọ́ gaara.

Àwọn ẹranko rí i, wọ́n bèèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni!" Ìjàpá ń yan. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́ mọ́."

"O káre láé!"

Ọjọ́ ìpẹja pé. Gbogbo àwọ̀n gòkè lófìfo, àfi ọ̀kan. Ẹja kan ṣoṣo ló bá ti Ọ̀yà gòkè, egungun lásán. Ẹja náà bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é!

Ìjàpá ló fọmi wa o,
*Omi mọ́, inú ṣófo.*
Ó pewé omi tí à ń jẹ,
*Omi mọ́, inú ṣófo.*
Ọmọ mi sunkún títí, ó kú,
*Omi mọ́, inú ṣófo.*

Ọ̀yà kọjú sí Ìjàpá. Ó ní, "Àna mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ fọ̀ ọ́?"

Yéè! Ojú ti Ìjàpá. Ó fẹ́ sọ pé Ehoro ló ṣe é, àmọ́ ẹnu ara rẹ̀ ti kó bá a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé oúnjẹ ẹja ni."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ ò sì bèèrè."

Ọ̀yà gbé agbọ̀n òfìfo lọ bá àwọn àlejò ìkómọ nílé. Yánníbo kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ìjàpá lọ tọrọ ewé omi lódò ìlú kejì láti fi dípò èyí tó pa, ó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ gba àárín ọjà lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọdé ń bi í pé, "Baba, kí lẹ pọ̀n?" Ó fa orí wọlé.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ewé omi fi ń hù lẹ́yìn ìjàpá etí odò. Bẹ́ ẹ bá sì tẹjú mọ́ ọn, á fa orí wọlé, torí ó rò pé ẹ fẹ́ bi òun léèrè ẹja.

Àlọ́ mi délé. Bí mo bá purọ́, kí omi odò má pa òùngbẹ mi. Bí òótọ́ ni, ẹ dáhùn: hẹ̀ẹ́n!