Ẹni Tó Dá Àyè Padà Lẹ́ẹ̀mejì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ omi. Bí odò bá fẹ́ kún, ètò tó fi Páítọ́nì, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ yóò figbe ta, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú lè tètè gbé ọmọ wọn sá gòkè. Ilé tirẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lo ètò ọ̀fẹ́ kan tí àwọn ẹni ẹlẹ́ni kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Páítọ́nì ni ìta rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń yára gbọ́ ni wọ́n fi kọ inú rẹ̀. Èdè inú yìí ní òfin: bí o bá yá àyè tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, dá a padà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni.

Ètò ọ̀fẹ́ náà ń yá àyè, kì í dá a padà. Bó bá ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ̀rọ a kún, a sì dákú. Ọkùnrin yìí wá ìdí rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó tún ẹ̀dà tirẹ̀ ṣe, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó jẹyán yó.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Tẹ̀mítáyọ̀, àwọn tó fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni o."

Ojú tì í, ó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí wọn.

Obìnrin tó ń tọ́jú ètò náà, tí òun àti ọkùnrin yìí kò rí ara wọn rí, dá a lóhùn: "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá àṣìṣe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibì kan wò. Bí iye tó wọlé kò bá pé, ẹ̀ẹ̀mejì ni àtúnṣe yín ń dá àyè kan náà padà. Gbogbo rẹ̀ á kú lójijì."

Ẹ̀rù bà á. Ìgbà wo ni iye omi kì í pé, bí kò ṣe ìgbà tí odò bá ń ru, tó ń gbá ọ̀pá tí a rì sínú odò láti máa wọn omi kiri? Ọjọ́ tí ìlú nílò igbe gan-an ni ètò rẹ̀ ìbá dákẹ́. Ó tún un ṣe, wọ́n sì gbà á wọlé sínú ètò ọ̀fẹ́ náà.

Lọ́dún náà, odò kún. Iye omi ń wọlé ní gígé-gígé, ètò sì figbe ta. Omi kò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè rí i. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ọpẹ́ tí ọkùnrin yìí rò pé òun ń san fún ẹlòmíràn, òun ló gba ọmọ tirẹ̀ là. Kí ni ìwọ náà tún ṣe, tí o sì gbé pamọ́ sílé? Gbé e jáde, kí wọ́n bá ọ wò ó.