Bàbà Kọ́, Bàbá Ni

Ohùn ọkùnrin kan wà ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà kan, tó máa ń ṣáájú ariwo ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ jáde láràárọ̀. Ohùn náà há. Ó há bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù kọjá lórí òkúta wẹ́wẹ́. "Ẹ tò ó, ẹ tò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúnná, kó ní sùúrù. Ẹni tó ń kánjú, kó máa gbé ṣákaṣàka lọ." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò mú lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó gbé ata wá.

Àwọn tó gbọ́ ohùn yẹn rí kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òwe kan ti ara rẹ̀ jáde, tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin níbẹ̀ ṣì ń pa fún ara wọn títí dòní: "Bàbà kọ́, bàbá ni." Àlejò tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n ń fi ahọ́n ṣeré ni. Ta ni kò mọ̀ pé bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná kì í ṣe bàbá tó bí ni? Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, tí ẹni náà yóò sì káwọ́ kò? Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí lójú kò rẹ́rìn-ín. Oyèlàmí lorúkọ rẹ̀.

Oyèlàmí ló ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Tákìé, yàrá kékeré kan tó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù bo ògiri rẹ̀ yíká. Afọhùn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ń sọ̀rọ̀ jù o, fífọ̀ ló ń fọ ohùn bí ẹni fọ aṣọ funfun. Bí akọrin bá mí, yóò gé èémí náà sọnù. Bí àga bá dún, yóò pa á rẹ́. Orin rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n béèsì ìdí rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé orin ró, kì í lágbára. Ó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu.

Ẹni tó mọ béèsì í ṣe ni Adígún, ọmọ Bàbá Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin ẹlẹ́rọ ata tí ohùn rẹ̀ há yẹn. Oyèlàmí fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà. Inú kọ̀ǹpútà ni Adígún ti ń ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ètò kan tó ń dá ohùn, tí àwòrán bọ́tìnnì yíyí kún ojú rẹ̀. Yóò gé ohùn bíńtín kan, tí kò gùn ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ, yóò ní kí ẹ̀rọ máa tún un pè léraléra títí yóò fi di ohùn kan ṣoṣo. Yóò fà á lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, títí àyà ènìyàn yóò fi máa gbọ́ ọ ṣáájú etí. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìgbì ohùn kan kó máa gbọn èkejì jìgìjìgì, kí ara rẹ̀ lè ya. Yóò tún fọ́ ọ díẹ̀, bí ata tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí yanrìn lè wà nínú rẹ̀. Bó bá wá fẹ́ le jù, yóò rọra pa ẹnu rẹ̀ dé bí ẹni fi ọmọrí bo ìkòkò tó ń hó. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ gbogbo rẹ̀, yóò fi ohùn kan tó dán sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tí yóò máa gbé ìyókù pọ̀n.

"Kí ló dé tí tèmi kì í rí báyìí?" Oyèlàmí bi í lọ́jọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá Làmí, ẹ ń wẹ̀ ẹ́ jù ni. Béèsì kì í ṣe ọmọ tuntun."

"Ẹnu rẹ ti mú ju ti àgbà lọ. Ṣe ohùn bàbà kan fún mi, èyí tó máa dún bí ìgbà tí irin bá kan bàbà. Àbẹ̀jẹ́ ń bọ̀ wá gba orin rẹ̀ ní Sátidé."

"Màá ṣe é, sà. Àmọ́ ẹ má pè mí wá bá yín nu imú fún un."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí jẹ́ akọrin ìjọ kan, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì ń ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà náà, Bàbá Ẹlẹ́rọ ti kú, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún kan. Oṣù méjì kó tó kú, Adígún gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí kan nínú ilé ẹ̀rọ. Ariwo ẹ̀rọ ló fẹ́ gbà sílẹ̀, yanrìn tí yóò bù sínú béèsì ló ń wá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó jáde lọ ra dísù. Bàbá kò mọ̀ pé fóònù ń gbọ́. Nígbà tí Adígún kó ohun tí fóònù gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ohùn bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá níbẹ̀, tó ń ké pé kí wọ́n tò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Àfi bí ikú ṣe dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò lè gbọ́ ìyókù náà. Ìgbà tó bá nawọ́ sí i ni ọwọ́ rẹ̀ yóò padà. Ó wá pinnu pé òun yóò dúró de ìyá òun, kí àwọn jọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà, kí àwọn jọ sunkún kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, fóònù bọ́ sí kànga. Ó wá ku èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan. Oyèlàmí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Adígún kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ikú yẹn.

Ó kó nǹkan méjèèjì sínú àpò kan nínú kọ̀ǹpútà: béèsì tó ti fi ohùn bàbá rẹ̀ ṣe, àti ọ̀rọ̀ gígùn tó ti gé e jáde. Ó kọ orúkọ sí i: OHUN BABA. Kọ̀ǹpútà wọn kò gba àmì ohùn, àwọn náà kò sì wá a. Ilé kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ta ni yóò ṣi orúkọ kà mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́?

Ní Sátidé, Adígún lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìkòyí-Ilé, níbi tó ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Oyèlàmí nìkan ló kù nínú yàrá. Bó ṣe fẹ́ fi orin Àbẹ̀jẹ́ pamọ́, kọ̀ǹpútà ní inú òun ti kún. Ó ń wá ohun tí yóò kó dànù. Ojú rẹ̀ bá OHUN BABA. Ó kà á bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́ kó rí: ohùn bàbà. Ọmọ yìí ti ṣe é, kò wulẹ̀ sọ fún mi.

Ó tẹ béèsì náà. Fóòmù ara ògiri gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé. Nígbà tó tún un gbọ́, ó gbọ́ nǹkan lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó mí sínú láti sọ̀rọ̀. Ó ní ìdọ̀tí nìyí. Ó fọ̀ ọ́. Ó yọ yanrìn, ó yọ èémí, ó dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nàmọ́ná, ó sì fi tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ gígùn náà, òun ló sì gba àyè jù. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ. Ohùn ọkùnrin. Obìnrin kan béèrè nǹkan, ọkùnrin náà dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló yẹ kí Oyèlàmí tún orúkọ àpò náà kà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. "Á wà nínú fóònù Adígún," ó sọ fún ara rẹ̀. Aago méjì ti kọjá, Àbẹ̀jẹ́ ti ń bọ̀ lọ́nà. Ìpè kan ṣoṣo ni ì bá pè. Kò pè é. Ó pa á rẹ́.

Àbẹ̀jẹ́ kò tíì gbọ́ orin rẹ̀ tán tí Adígún fi wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Oyèlàmí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Dìde, ọmọ mi. Ibí yìí mà gbóná o. Ṣé ẹ ò ní fèrèsé ni?"

"Fèrèsé máa ń gbé ariwo wọlé, Màmá," Àbẹ̀jẹ́ sọ, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Adígún kò jókòó. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan tí mo ṣe. Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, a máa gbọ́ ìyókù."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó jáde mọ́, ó dán, ó gùn lọ gbọọrọ. Ìyá arúgbó náà dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù.

"Ó dùn," ó ní. "Ta ló ń fun kàkàkí yẹn?"

Adígún rò pé òun ṣi nǹkan tẹ̀ ni. Ó tún un tẹ̀. Kàkàkí náà ló tún dún. Ó wá ọ̀rọ̀ gígùn náà lọ, kò bá a. Ó wá a lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló fọwọ́ kan àpò yìí?"

"Èmi ni. Ìdọ̀tí ti pọ̀ jù nínú ohùn bàbà yẹn, mo bá ọ fọ̀ ọ́. Ṣé kò wá mọ́ báyìí?"

"Bàbà kọ́," Adígún wí. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá ni."

Àbẹ̀jẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá náà ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá ta ni?"

"Ṣebí ó wà nínú fóònù rẹ," Oyèlàmí ní.

"Fóònù ti bọ́ sí kànga láti oṣù kẹta. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó pa á? Kí ni wọ́n sọ?"

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún Oyèlàmí lákòókò yẹn. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun gbọ́, ó ti gbà pé òun mọ ẹni tí òun pa rẹ́ nìyẹn, lójú opó, lójú ọmọ, lójú oníbàárà. Ó gbójú sí kọ̀ǹpútà. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ẹ̀rọ lásán ni. Ìwọ náà, kí ló dé tó ò fi àmì sí i?"

Adígún di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá náà dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. "Orin yín dùn o, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́." Ìkíni yẹn dun Oyèlàmí ju èébú lọ.

Àbẹ̀jẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn yòókù. Kò pẹ́ tó di òwe. Bí ẹnìkan bá na ọwọ́ láti pa ohun tí kò tíì bi olóhun léèrè rẹ́, wọn yóò ní, "Bàbà kọ́, bàbá ni." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ìfẹ́ inú rẹ ló fi àmì sórí ohun ẹni ẹlẹ́ni. Lọ béèrè bí olóhun ṣe ń pè é.

Ọdún kejì, Oyèlàmí lọ sí ìlú òtútù kan ní òkè òkun, ó dàgbà síbẹ̀. Kò fọ ohùn mọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Àbẹ̀jẹ́ máa ń pè é. Òun ló sọ fún un pé Adígún ti padà sídìí ẹ̀rọ ata bàbá rẹ̀, kò sì tún ṣe béèsì mọ́ láti Sátidé yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Oyèlàmí kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Bó bá ti kà á tán, yóò pa á rẹ́. Ó kúkú mọ nǹkan í pa rẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Àbẹ̀jẹ́ ní, "Bọ̀ọ̀dá Làmí, etí Màmá ti di pátápátá. Bẹ́ ẹ bá pariwo, wọn ò gbọ́."

"Ojú wọn ńkọ́?"

"Ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Bíbélì ò kúrò lọ́wọ́ wọn."

Ó jókòó ti fóònù rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Ẹni tó ń pa òwe náà lè má mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Òun ti gbọ́ ọ ní etí ara rẹ̀ kí òwe tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni: bàbà kọ́, bàbá ni. Ó rọra fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí arúgbó ni yóò kà á. Lẹ́yìn náà, ó fi í ránṣẹ́.

"Adígún, Oyèlàmí ni. Mo purọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ dé òpin, mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ ni kí n tó pa á rẹ́. Oníbàárà kan bi wọ́n pé ìyàwó wọn dà. Wọ́n ní: 'Ó wà nílé. Bàbá Adígún, Bàbá Adígún, bó ṣe ń pè mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé, Adúmáadán ló ń pè mí. Ó ń wù mí kó tún pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ló ń tì mí láti sọ.' Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi mu. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, gbé fóònù fún Màmá."