Ìdí Tí Ajá Fi Ń Dá Ara Wọn Lóhùn Lóru

Nígbà láéláé, nígbà tí ògiri ọgbà kò tíì ga ju orúnkún lọ, ajá kì í gbó lóru. Kí ni ì bá tiẹ̀ máa gbó sí? Ní Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ará àdúgbò á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa jẹ àgbàdo sísun. Tanímọ̀la, ajá Alàgbà Ọ̀jẹ́níran, àti Jẹ́jẹ́, ajá Ìyá Mojírọ̀lá, a máa sùn pọ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì náà.

Àfi ìgbà tí Alàgbà ra tẹlifíṣàn ńlá. Àwọn aládùúgbò kí i: "Ẹ kú oríire o! Tiwa náà á dé."

Kàkà kó ṣe àmín, àyà rẹ̀ já. "Ojú ayé ti pọ̀ jù," ló wí, ló bá mọ ògiri tó ga ju orí èèyàn lọ.

Inú bí Ìyá Mojírọ̀lá. "Ṣé olè ló fi èmi pè ni?" Òun náà mọ tirẹ̀, ó ga ju ti Alàgbà lọ, ó sì to àfọ́kù ìgò sí i lórí. Kò pẹ́ kò jìnnà, àdúgbò di ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi owó ara wọn kọ́.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òpópónà á dá páropáro. Bẹ́ǹṣì nìkan ló kù níta. Ẹ̀rù ń ba Tanímọ̀la, àárò Jẹ́jẹ́ sì ń sọ ọ́.

Lóru ọjọ́ kan, olè dé. Ó fi bẹ́ǹṣì ṣe àkàsọ̀, ó gun ògiri Alàgbà wọlé. Tanímọ̀la sá wọ abẹ́ mọ́tò.

"Ẹ gbà mí o, ará àdúgbò!" Alàgbà figbe ta.

Ìyá Mojírọ̀lá gbọ́. Ó pa iná. "Bí ilẹ̀ bá mọ́, mà á ní ògiri ni ò jẹ́ kí n gbọ́."

Jẹ́jẹ́ ò mọ irọ́ í pa. Ó na ọrùn sókè: "Tanímọ̀la! Ṣé o ṣì wà láàyè?"

"Mo wà o! Ìwọ ńkọ́?"

Ajá kẹta béèrè, ìkẹrin dáhùn, títí ariwo fi gba òpópónà kan. Olè rò pé gbogbo ìlú ló ń bọ̀. Ó ju tẹlifíṣàn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alàgbà ń fọwọ́ pa ògiri lára. "Ẹ ò rí i? Ògiri yìí ló gbà mí." Ó tún fi búlọ́ọ̀kù kún un.

Láti ọjọ́ náà ni ajá kan kì í gbó lóru kí èkejì má dá a lóhùn. Wọ́n ń béèrè bóyá aládùúgbò wọn ṣì wà láàyè. Àwa tá a nilé á sì pòṣé lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó ní, "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe àwọn ajá burúkú yìí?"