Ààtàn Ilé Méjì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa, ebè kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, apá rẹ̀ sì ki débi pé apá bùbá kì í gbà á. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ó rí tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n ń yẹ kíndìnrín ará ìlú wò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì jọ lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n gba ìtọ̀ wọn. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, iye kan náà ni wọ́n kọ fún ìyá àtọmọ.

Inú ọkùnrin yìí dùn dẹ́yìn. Ó ń lọ káàkiri àdúgbò, ó ń fi ìyá rẹ̀ yangàn. "Ẹ wò ó, ìyá mi le koko. Kíndìnrín wọn ò yàtọ̀ sí tèmi." N kò bá a wí. Ta ni kì í fi ìyá ẹ̀ yangàn?

Àfi bí dókítà ṣe ránṣẹ́ pe ìyá nìkan. Orí ọmọ gbóná. Ó fa ìyá lọ́wọ́, ó lọ bá dókítà, ó ní, "Iye kan náà lẹ kọ fún wa. Ṣé torí pé wọ́n ti dàgbà lẹ ṣe fẹ́ sọ wọ́n di aláìsàn?"

Dókítà kò bá a jà. Ó ní, "Ilé méjì ló wà. Ọ̀kan kún fún èrò, wọ́n ń sè, wọ́n ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Arúgbó kan ló ń dá gbé èkejì, ìwọ̀nba ló ń sè. Ààtàn ẹ̀yìn ilé méjèèjì wá ga bákan náà. Ilé wo ni agbálẹ̀ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́?"

Ọmọ ní ilé arúgbó ni. Dókítà ní:

"Ẹran ara ló ń da pàǹtí tí a kọ iye rẹ̀ fún yín sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń gbá a jáde. Ẹran ara tiyín pọ̀, ti màmá kéré. Pàǹtí wọn ò yẹ kó tó tiyín rárá. Èròjà ẹ̀jẹ̀ sì ń jò sínú ìtọ̀ wọn, ó ń hó."

Ìyá ní òun ti ń rí i tó ń hó tipẹ́, òun rò pé ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀ nílé ìwẹ̀ ni.

Kò sunkún o. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tí òun máa ṣe. Wọ́n ní kó jáwọ́ nínú oògùn orúnkún ríro tó ń rà ní kẹ́mísìtì, kó dín iyọ̀ kù, kó má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré. Ó ṣe gbogbo ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń lé e kiri. Ọdún gorí ọdún, títí ọlọ́jọ́ fi dé, kíndìnrín tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn ló lò. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, orí mi máa ń wú.

Oyèéyẹmí, ìwọ náà ti to ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ tìrẹ àti ti ìyá rẹ sórí tábìlì mi, o ní nọ́ńbà dọ́gba, pé kò sídìí tí ẹ fi máa padà lọ rí dókítà. O káre, ọkọ mi, o mọ̀wé kà. Wá wo apá rẹ. Wo ti ìyá rẹ. Wọ́n jókòó síta yẹn, ọkàn wọn balẹ̀, torí pé ìwọ lo sọ fún wọn pé ara wọn yá. Dìde, lọ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ń lọ.