Lẹ́ǹsì Àkànjí àti Àgbàlá Ọba

Ní ìlú Aráròmí-Òkè, kò sí ẹni tí kò mọ Àkànjí Oyèwùsì ayàwòrán. Òun ló ya ìyá, òun ló ya ọmọ, òun náà ló sì ń ya gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàfin láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Ẹnìkan ti ta kámẹ́rà fún un rí l'Ékòó, tó jẹ́ pé ọṣẹ ìfọṣọ ló bá nínú páálí nígbà tó délé. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé omi fún un, á kọ́kọ́ wo ìdí ife. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹni tó bá sọ oògùn di oúnjẹ, mi ò mọ bó ṣe fẹ́ yó.

Ọba tuntun fẹ́ gorí ìtẹ́. Ààfin ránṣẹ́ sí Àkànjí pé àwòrán ọjọ́ ìwúyè yóò tóbi tó ògiri gbọ̀ngàn, kí ó wá kámẹ́rà tó lè gbé e. Bí kò bá rí i, wọn yóò wá ẹlòmíràn. Kámẹ́rà kékeré ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ àwòrán rẹ̀ dé ibẹ̀, ojú èèyàn á dà bí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Iṣẹ́ ààfin ni iyì rẹ̀ nílùú, bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè é mọ́.

Àsìkò yìí gan-an ni Moróunkéjì wá bá a. Àkànjí ló kọ́ ọmọbìnrin yìí níṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ó gbé kámẹ́rà ńlá kan wá, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní fúùlù-fíréèmù, torí pé àwo tó ń gba àwòrán nínú ikùn rẹ̀ fẹ̀ ju ti kámẹ́rà kékeré lọ dáadáa.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ tà á," ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkọ mi ní ká jọ máa sin adìyẹ, mi ò sì lè di méjèèjì mú. Ayàwòrán kan ní Ìwó ti ní òun fẹ́ ẹ, àmọ́ mo ní kò gbọdọ̀ kọjá yín."

"O ṣeun," Àkànjí wí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń sọ tirẹ̀. Ta ló ń fi ohun tó dára sílẹ̀? Kí ló dé tí kò gbé e fún ará Ìwó?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nìyẹn. Ó gbọ́ òórùn kámẹ́rà náà bóyá ó ti jóná rí. Ó wo ojú síkúrù kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnikẹ́ni ti tú u. Ó gbé e sétí, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Moróunkéjì pe nọ́ńbà ìdí rẹ̀ láì wò ó, bí ẹni pé èèyàn máa ń há nọ́ńbà kámẹ́rà sórí. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tún bí ìfura mìíràn.

"Ẹ jẹ́ ká fi ya nǹkan, Ọ̀gá," Moróunkéjì wí, ó sì yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ jáde nínú àpò.

"Má fi ìyẹn sí i."

"Kí ló dé, Ọ̀gá?"

"Lẹ́ǹsì ọwọ́ ẹni tó ń tajà, ta ló mọ ohun tó ń bá a bò mọ́lẹ̀? Tèmi la ó lò."

Ó wọlé lọ mú lẹ́ǹsì tó ti ń lò lára kámẹ́rà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ṣe tiyín fún. Ó máa wọ ẹnu èyí lóòótọ́, àmọ́ kò ní lè kárí àwo inú rẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni, àbí èmi ni mo kọ́ ọ?"

Àkànjí fi lẹ́ǹsì rẹ̀ sí i, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó yà á. Nígbà tí àwòrán náà yọ, igi ìbẹ́pẹ àti kànga hàn kedere láàárín, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tún un yà. Dúdú náà ò kúrò.

"Mo mọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tí ara tù. Kí n má purọ́, ara tù ú ni. Inú afura kì í dùn tó ọjọ́ tó bá rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ti dé.

"Ẹ jẹ́ kí n fi lẹ́ǹsì tèmi sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ fojú ara yín rí i."

"Kí o lè fi bo òkùnkùn náà. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́ ni o fẹ́ gbé òkú kámẹ́rà fún. Gbé e jáde nílé mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Moróunkéjì dé egungun. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Àkànjí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún Moróunkéjì, pé kámẹ́rà tó ń tà ti bàjẹ́ nínú. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìwó, ará Ìwó sì ní òun ò rà mọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí kámẹ́rà ṣe dúró sọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìyẹn.

Nígbà tí ìwúyè kù díẹ̀, ààfin bi Àkànjí pé kámẹ́rà dà. Kò rí ra, nítorí gbogbo èyí tí wọ́n gbé wá fún un láti ìlú mìíràn ló rí àbùkù kan sọ sí. Ni wọ́n bá wá ẹlòmíràn, ẹnìkan ṣoṣo tó sì ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nílùú ni Moróunkéjì.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn, Àkànjí bá èrò wọlé lọ wò ó. Àgbàlá ọba ni, láti ògiri dé ògiri: ọba lórí àga, àwọn ìjòyè, àwọn ìyá àgbà lórí ẹní, ọmọdé kan tó ń tọwọ́ bọ imú nídìí òpó. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kedere. Ní igun apá òsì, nísàlẹ̀, ó rí ọkùnrin kan tó dá dúró, tó di kámẹ́rà kékeré mú, tí kò sì ya nǹkankan. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ni.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá." Moróunkéjì ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé kámẹ́rà ọjọ́sí lo fi yà á?"

"Òun ni, sà."

"O ti tún un ṣe."

"Mi ò tún nǹkankan ṣe. Ẹ ká ọwọ́ yín báyìí, kí ihò kékeré kù láàárín rẹ̀. Ẹ gbé e sójú, kí ẹ wo àgbàlá níta."

Àkànjí wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́, ó sì wo ìta láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ rí, Ọ̀gá?"

"Mo rí àga ọba. Òkùnkùn yí i ká."

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Oòrùn kún àgbàlá dé etí ògiri. Ìgbà náà ló yé e pé lẹ́ǹsì òun ni ihò náà. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú ọmọbìnrin náà. Nígbà tó yá, ó rọra bi í bóyá ó ṣì lè ta kámẹ́rà náà fún òun.

"Rárá, Ọ̀gá. Ààfin ti ní kí n máa bá wọn yàwòrán lọ. Ọkọ mi ti ń dá sin adìyẹ rẹ̀."

Àwọn tó dúró nítòsí gbọ́ ọ, wọn ò sì fi í mọ sí ààfin. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà Aráròmí-Òkè ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe fún afura títí dòní pé: ẹni tó bá gba ojú ihò wo àgbàlá, kó má sọ pé àgbàlá ló ṣókùnkùn.