Ẹni Tó Bẹ̀rù Àtiwọn Ọwọ́ Ọ̀rẹ́

Bí ènìyàn bá pẹ́ díẹ̀ ní àdúgbò Òkè-Abà ní Ìkìrun, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ: “Ẹni tó bẹ̀rù àtiwọn ọwọ́ ọ̀rẹ́, igi lásán ló kàn.” Àlejò á yanu. Ta ní ń wọn ọwọ́ ọ̀rẹ́? Ara là ń wọ̀n fún aṣọ, ilẹ̀ là ń wọ̀n fún ilé. Kí ló wá kan igi nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pa òwe náà gan-an kò mọ ibi tó ti wá. Ibi tó ti wá nìyí.

Káfíńtà kan wà ní àdúgbò náà tó ń jẹ́ Ògúntúnjí, tí wọ́n ń pè ní Túnjí. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan àga, ṣùgbọ́n pósí ló sọ ọ́ di olókìkí. Ilé tí òkú bá ti sùn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Yóò fa tépù yọ, yóò wọn òkú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nítorí èyí, ó kà á sí èèwọ̀ láti fi tépù kan alààyè. Bí ó bá fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì fún ènìyàn, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì ń lọ kí aláìsàn, ilé ló ń fi tépù sí. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá tẹjú mọ́ ẹnìkan pẹ́, onítọ̀hún á kígbe pé, “Bàbá, ẹ gbójú kúrò lára mi o, mi ò tíì ṣe tán!”

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Goróyè télọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ igi, èkejì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ géèmù kan wà, àpótí gíga bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Pátákó kan yọ síwájú rẹ̀ bíi tábìlì kékeré, orí pátákó yìí ni ọ̀pá ìdarí àti àwọn bọ́tìnnì wà. Ènìyàn á dúró tì í, á fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú, á fi ọ̀tún tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ òfurufú inú tẹlifíṣọ̀n á sì máa yìnbọn. Kò sí ẹni tó tó Goróyè nídìí rẹ̀. Ìka rẹ̀ yá ju ojú lọ. Ibẹ̀ ni Túnjí ti sọ ọ́ ní Ayìnbọn, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Goróyè ṣubú nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e dúró pẹ́ mọ́. Àwọn ìka náà ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Àwọn dókítà sọ pé bí ó bá ń fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, yóò jí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, yóò gan. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí ó máa fún un. Goróyè jù ú sẹ́yìn ilé. Ó kọjú àga rẹ̀ sí ògiri. Ìdajì oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un ló ń jẹ. Nígbà tó yá, kò tó ìdajì mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dérìn, lọ bá Túnjí ní ìsọ̀.

“Ọkọ mi,” ló wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, “ọ̀rẹ́ yín ń lọ o. Kì í ṣe àìsàn ló ń mú un lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ.”

“Kí ló wí?”

“Kò wí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Bí obìnrin náà ti lọ tán, ó fa pílíwúùdù tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ti pinnu. Bí bọ́ọ̀lù kò bá lè mú Ayìnbọn lo ọwọ́ rẹ̀, géèmù yóò mú un lò ó. Ó lọ bá Jélílì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá gáréèjì, ìyẹn sì bá a wá ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó lè gbé géèmù ọkọ̀ òfurufú. Túnjí kan àpótí rẹ̀ gan-an bí ti Òṣogbo. Ó ku pátákó ìdarí.

“Níbo ni kí àwọn bọ́tìnnì wà, Bàbá?” ni Jélílì béèrè.

“Bó ṣe wà ní Òṣogbo. Ọ̀pá lósì, bọ́tìnnì mẹ́fà lọ́tùn-ún.”

“Ṣé ìka wọn á dé gbogbo ẹ̀?”

Túnjí tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lé pátákó náà. “Tèmi dé e.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó ni? Ẹ kúkú lọ wọn ọwọ́ wọn wá.”

“Ṣé orí ẹ pé? Kí èmi fi tépù kan aláìsàn? O fẹ́ kí ìlú sọ pé mo ti ń kan tirẹ̀ sílẹ̀?”

Ọwọ́ Túnjí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì lu ihò sí. Túnjí fi sáńpépà pa á, ó fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán bí omi. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà ju ohunkóhun tó ti kàn lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọ pálọ̀ Goróyè tí wọ́n sì tan iná sí i, orin géèmù náà dún. Télọ̀ yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo ẹ̀rọ náà títí.

“Túnjí,” ló wí. “Ìwọ wèrè yìí.”

Ìyá Dérìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ti àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó dúró ni Túnjí kan ẹ̀rọ fún, Goróyè sì jókòó. Pátákó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó di ọ̀pá mú. Ó wá fi ọwọ́ òsì náà gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí bọ́tìnnì bí ẹni gbé ọmọ. Ọwọ́ náà yọ̀. Etí pátákó gé e ní ọrùn ọwọ́. Ó tún un gbé, ó tún yọ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ láìyìnbọn kankan.

“Ó dára,” ni Goróyè wí. “Ẹ gbé e lọ.” Ó sì tún kọjú sí ògiri.

Túnjí dúró bí igi. Ohùn télọ̀ wá láti ibi ògiri.

“Ọwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?”

“Tèmi ni.”

“Èmi ló fẹ́ lò ó, o wá wọn tìẹ. Nítorí pósí ni, àbí?”

Túnjí tẹ̀ síwájú, ó pa iná ẹ̀rọ náà.

“Gbogbo ọrùn tó wà nílùú yìí ni mo ti fi tépù wé,” ni Goróyè wí. “Ìyàwó, ọmọ tuntun, arúgbó. Ta ló kú? Tépù kan náà ni, Túnjí.” Ó yíjú padà. “Kì í tilẹ̀ ṣe tépù. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, o ń wá síbí lójoojúmọ́. Ojú mi lò ń wò. O ò tíì wo ọwọ́ yìí rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́. Ó ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n èmi ò ríbi sá sí.”

Káfíńtà sọ orí kodò. Òtítọ́ ni.

“Ẹni tó bẹ̀rù àtiwọn ọwọ́ ọ̀rẹ́, igi lásán ló kàn,” ni Goróyè wí. “Lọ mú tépù rẹ wá.”

Túnjí lọ. Nígbà tó padà dé, ó kúnlẹ̀ síwájú àga náà, àgbàlagbà káfíńtà, ó sì gbé ọwọ́ náà lé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀. Ó tutù. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó ń tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í pé, “Èyí ńkọ́? Ó ń gbọ́?” Àtàǹpàkò kò gbọ́. Ìka mẹ́rin yòókù gbọ̀n díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ti nǹkan, nǹkan náà ń lọ. Túnjí wá fa tépù yọ.

Ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. “Túnjí! Alààyè lò ń wọ̀n yẹn!”

“Ọwọ́ nìkan ló ń wọ̀n, Ìyá,” ni Goróyè dáhùn. “Ta ló ń sin ọwọ́ lọ́tọ̀?”

Ìyá Dérìn ti bú sẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀.

Wọ́n tẹ́ páálí sórí itan Goróyè, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé e, ìyàwó rẹ̀ sì fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ fa ìlà yí i ká. Orí páálí yẹn ni wọ́n ti tún pátákó náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kúrò lósì, ó bọ́ sí ọ̀tún, Túnjí sì gbẹ́ orí rẹ̀ roboto bíi gúáfà ńlá, kí àtẹ́lẹwọ́ lè máa tì í láìsí pé ìka dì í mú. Bọ́tìnnì mẹ́fà di méjì, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ òsì tó ń gbọ́ dáadáa. Ó gé ẹsẹ̀ àpótí náà kúrú, ó fi sáńpépà pa etí pátákó títí kò fi lè gé ẹnikẹ́ni mọ́. Goróyè ní kí wọ́n fi fóòmù àti àjákù aṣọ ṣe ìrọ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbi tí ọrùn ọwọ́ yóò sinmi lé.

“Kò gbọdọ̀ wú jù,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀ tó ń rán an. “Fa òwú yẹn. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

“Ìwọ ni. Mo ti mọ̀ pé n ò kọ́ nǹkan kan.”

Ọjọ́ tí wọ́n tún gbé e wọlé, ọkọ̀ òfurufú Goróyè fò sókè, ó forí sọ òkúta, ó fọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fọ́. Òógùn bò ó níwájú orí.

“Ayìnbọn ti di Afọ́kọ̀,” ni Túnjí wí.

“Pa ẹnu ẹ dé, káfíńtà òkú.” Ọwọ́ ọ̀tún náà ti ọ̀pá, ọkọ̀ yẹ̀, òsì tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan kan bú gbàmù nínú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ọkọ̀ rẹ̀.

Ìyá Dérìn gbé oúnjẹ wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn.

“Gbé e síbẹ̀,” ló wí. “Mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.”

Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọwọ́ yẹn kò di abẹ́rẹ́ mú mọ́ láyé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ dùn mọ́ yín nínú. Ṣùgbọ́n ó nà tó láti gba ọwọ́ ẹni tó bá na tirẹ̀ sí i, ọkùnrin náà sì kúrò nídìí ògiri, ó jókòó sí ìta láàárín àwọn ènìyàn fún ọdún pípẹ́.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ń kó ẹrù olówó ńlá ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ tí kò sì wá wo ibi tó ń dun bàbá, bí ọ̀rẹ́ bá ń dá ọ̀rẹ́ lára yá tí ó ń fojú fo ọgbẹ́ rẹ̀, àwọn ará Òkè-Abà kì í bá a jà. Wọn a ní ìfẹ́ rẹ̀ kò kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rù àtiwọn ọwọ́ ọ̀rẹ́, igi lásán ló kàn.