Ìdí Tí Àgùntàn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bímọ Fi Ń Fẹsẹ̀ Janlẹ̀

Àlọ́ o!

Ẹ dáhùn, jàre! Àbí iṣu ti dí yín lẹ́nu ni? Àlọ́ o!

Ẹn-ẹ́n, mo gbọ́ yín wàyí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó wọ agbo àgùntàn. Ó bá Àgbò, olórí wọn. Ó bá Bọ̀lọ̀jọ̀, àlejò tó sanra. Ó bá Dúródọlá, ọmọ àgùntàn tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kiri. Ó bá Ìyá Ewúrẹ́, aládùúgbò wọn. Ìwọ tó ń họra lẹ́yìn yẹn, fọkàn balẹ̀, orúkọ tìrẹ ò sí níbẹ̀.

Láyé ìgbà náà, àwọn àgùntàn ní àṣà kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bímọ, gbogbo agbo á ya lọ kí i. "Ẹ kú ewu ọmọ! Ẹ kú ewu!" Wọn kì í kí i lásán o. Olúkúlùkù á bu ibi-ọmọ náà jẹ, lẹ́nu kọ̀ọ̀kan. Àgbà á jẹ, ọmọdé á jẹ. Ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ ti di ẹbí ọmọ nìyẹn. Ọmọ tí wọn ò bá jẹ ibi rẹ̀ kò lẹ́bí, wọn á lé e kúrò lágbo, tìyá tọmọ. Àwa èèyàn ń ri tiwa mọ́lẹ̀. Àwọn ní ìfiṣòfò ni.

Wọ́n ní àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Èyí tó bá àgùntàn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ ó gbọ́.

Ní ọjọ́ kan, Bọ̀lọ̀jọ̀ dé láti òdìkejì odò. Ó sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó sì lóyún. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló lé e kúrò níbi tó ti ń bọ̀. Ta ni yóò bi í? Ẹwà ti fọ́ wọn lójú.

Bọ̀lọ̀jọ̀ bímọ. Agbo ya bò ó, wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é fún mi:

Ẹni tó bímọ, ẹ jẹ́ á tọ́ ọ wò,
*Ẹbí ni wá!*
Àgbà ẹ jẹ, ọmọdé ẹ jẹ,
*Ẹbí ni wá!*
Ẹni tí ò jẹ, kò bá wa tan,
*Ẹbí ni wá!*

Wọ́n jẹ ibi-ọmọ Bọ̀lọ̀jọ̀. Àgbò jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní olórí lòun. Ìyá Dúródọlá jẹ, ẹ̀gbọ́n Dúródọlá jẹ. Dúródọlá kéré nígbà náà, wọ́n fi bíńtín sí i lẹ́nu.

Kò pẹ́ púpọ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Bọ̀lọ̀jọ̀. Ó fara họ ògiri. Ó họ ọ́, ó họ ọ́, irun rẹ̀ bó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ó ṣubú, ó kú.

Àgbò pe ìpàdé. Ó wú ikọ́ bí ọlọ́gbọ́n. "Kí ló ṣe lánàá?"

"Bàbá, èèpo gbágùúdá ló jẹ lánàá."

"Háà! Èèpo gbágùúdá ló pa á! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́!"

Wọ́n pa èèpo tì, ebi ń pa wọ́n. Ìyá Ewúrẹ́ wá kó o jẹ tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ará ilé mi."

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Òjò tún lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Ara yún ìyá Dúródọlá. Ó họra, ó gbọ̀n, ó ṣubú, ó kú.

"Kí ló ṣe lánàá?"

"Bàbá, lékeléke bà lé e lẹ́yìn lánàá."

"Mo mọ̀! Aṣọ funfun, inú dúdú! Ẹ lé gbogbo lékeléke lọ!"

Wọ́n lé lékeléke lọ. Inú eégbọn dùn. Eégbọn bí, ó rẹ̀, ó kún wọn létí fọ́fọ́.

Lẹ́yìn náà ó kan ẹ̀gbọ́n Dúródọlá. Ó họra, ó gbọ̀n, ó ṣubú, ó kú.

"Kí ló ṣe lánàá?"

"Bàbá, ara ògiri ló ti ń họra lánàá."

"Ògiri! Òun náà ni Bọ̀lọ̀jọ̀ fara họ! Apààyàn ni ògiri yìí!"

Wọ́n dájọ́ ikú fún ògiri. Wọ́n kàn án, gbàù! Wọ́n kàn án, gbàù! Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ògiri wó lulẹ̀, wọ́n hó yèè. Ògiri ta ni, ẹ̀yin èèyàn mi? Ògiri ilé tiwọn ni. Òjò dé, ó nà wọ́n bí ẹni ń na ọmọ olè.

Dúródọlá ti dàgbà lákòókò yìí, ó ti lóyún. Ó sunkún tọ Ìyá Ewúrẹ́ lọ.

"Ìyá, ìyá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi kú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi họra kú."

Ìyá Ewúrẹ́ dá ẹnu jíjẹ dúró. Kì í ṣe ohun tó máa ń ṣe o. "Ọmọ mi, ta ló kọ́kọ́ họra?"

"Bọ̀lọ̀jọ̀ ni."

"Àwọn wo ló jẹ ibi-ọmọ Bọ̀lọ̀jọ̀?"

"Gbogbo wa ni, Ìyá."

"Àwọn tó bímọ lẹ́yìn Bọ̀lọ̀jọ̀ ńkọ́? Ta ló jẹ tiwọn?"

"Àwa náà ni."

"Ó dáa. Àná ni Àgbò ń béèrè. Kó lọ béèrè ọdún kẹta sẹ́yìn."

Dúródọlá sáré lọ sọ fún Àgbò. Ẹ̀rín ni Àgbò fi dá a lóhùn. "Ẹni tó jẹ ata lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ṣé òní ni ata á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ta á lẹ́nu?" Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Bí Àgbò ti ń rẹ́rìn-ín ló ń fìdí họ igi ìyeyè. Ẹ má wò mí, èmi kọ́ ni mo bí i.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Dúródọlá pé. Ara ti ń yún òun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó yọ́ kúrò lágbo lọ́sàn-án gangan, ó gba ẹ̀yìn àpáta lọ, ó bí abo ọmọ kan síbẹ̀.

Kò tíì lá ọmọ náà gbẹ tí agbo fi dé pẹ̀lú orin, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn.

Dúródọlá fẹsẹ̀ janlẹ̀, gbì! "Ẹ dúró síbẹ̀!"

Àgbò ní, "Dúródọlá, ṣé orí ẹ pé? Ẹ̀tọ́ wa dà?"

Ó tún janlẹ̀, gbì! "Bàbá, ẹ̀tọ́ yín ló pa ìyá mi!"

"Bí a ò bá jẹ níbẹ̀, ọmọ yìí ò ní í jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni!"

Ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, gbì! "Kó má jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni! Kó ṣáà ti wà láàyè!"

Àgbò tẹ ìwo sílẹ̀, ó fẹ́ fi agídí gbà á. Dúródọlá wo ibi-ọmọ tó wà lórí koríko. Bó bá fi í sílẹ̀, wọn á jẹ ẹ́. Ó tẹríba, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó lá koríko ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ohun tó ń pa mí ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀," ló wí. "Kó parí síbẹ̀."

Wọ́n lé e jáde lágbo, tìyá tọmọ. Ìyá Ewúrẹ́ ló gbà wọ́n sílé. Kò pẹ́, Dúródọlá kú. Ó dùn mí, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dùn mí. Ìyá Ewúrẹ́ sì ń tọ́ ọmọ náà.

Ìròyìn ikú rẹ̀ dé etí agbo. "Kí ló ṣe lánàá?" "Bàbá, òun nìkan ló dá jẹun." "Ẹ ò rí i? Ìwà ahun ló pa á!" Wọ́n ń bá ibi-ọmọ jíjẹ wọn lọ. Àgbò họra, ó kú. Wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí ìyẹn ṣe lánàá.

Ọmọ Dúródọlá dàgbà, ó gbó, ara kò yún un rí. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni gbogbo àgùntàn tí ẹ ń rí lónìí. Ìdí nìyẹn tí àgùntàn tó fẹ́ bímọ fi ń yẹra fún agbo, tó fi ń jẹ ibi ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bá àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó sọ fún un pé ẹbí lòun.